Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹẹ́fà: Àwọn Ìdí Tí Ogun Fi Ń Bẹ́ Sílẹ̀ Láàárín Orílẹ̀-Èdè

Ọ̀rọ̀ ogun ni ọ̀rọ̀ alẹ́ òní. Kì í ṣe oríkì jagunjagun ni ẹ ó gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn akọni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: kí ló máa ń fa ogun láàárín ìlú sí ìlú, láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè? Àwọn àgbà sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Bí ọ̀rọ̀ ogun ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀sùn tí àwọn tó ń jagun ń kà sí ara wọn lẹ́sẹ̀ ni ẹẹ́fà. Ohun tó ń lé wọn lọ sójú ogun wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò di ìgbà tí ènìyàn bá rìn dé òkè òkun kó tó rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ṣágámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tó fún un. Àlejò tó bá dé Ṣágámù yóò gbọ́ orúkọ Òfin, Mákùn, Sónyìndó, Ìjàgbà àti àwọn mìíràn. Bó bá rò pé àdúgbò lásán ni wọ́n, ó ṣì í. Ìlú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́lẹ̀ rí, tó ní ilẹ̀ tirẹ̀, olórí tirẹ̀ àti ìtàn tirẹ̀. Ìtàn àwọn ará ìlú sọ pé mẹ́tàlá ni àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ tó kó ara wọn jọ sí ojú kan ní ọdún 1872. Kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́ràá ló kó wọn jọ, kì í sì í ṣe ọjà. Ogun ni. Wọ́n rí i pé bí olúkúlùkù bá dá wà, olúkúlùkù ni yóò dá parun. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bi ohun tí ogun ń ṣe fún ènìyàn, kó rìn yí Ṣágámù ká. Ẹni tó bá sì ń bi ohun tó ń fa ogun, kó béèrè ìdí tí ogun fi wá bá Rẹ́mọ.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí Rẹ́mọ. Ní ọdún 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà ní Ọ̀yọ́. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá ọba lọ, ṣùgbọ́n Adélù tí í ṣe Àrẹ̀mọ gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀. Ìbàdàn fara mọ́ ọn. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Kò ní tẹríba fún ọba tó jẹ lọ́nà tí kò bá àṣà mu. Ẹjọ́ tí gbogbo ayé gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń fojú ìlara wo ara wọn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ni ìlú méjèèjì di alágbára, àwọn méjèèjì ló sì ń fẹ́ kí àwọn ìlú tó yí wọn ká máa sin àwọn. Ìjà ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Adélù kàn fún un ní orúkọ ni.

Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1860, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú-Òde náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbá dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn kì í ṣe ìlú etí òkun. Láti Èkó ni ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tó ṣẹ́kù ni èyí tó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá lọ sí Ìkòròdú, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ẹrù sọdá ọ̀sà. Rẹ́mọ kò tẹ̀ lé Ìjẹ̀bú-Òde nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òwò tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ìkòròdú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jẹun, wọn kò sì ṣe tán láti fi ọwọ́ ara wọn dí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ẹ̀gbá wá yíjú sí àwọn tó ṣí ọ̀nà fún ọ̀tá wọn. Ogun wọ Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sọ̀ kalẹ̀ láti gbèjà rẹ̀, wọ́n sì pàgọ́ sí Ìperu. Nígbà tó di 1865, Ẹ̀gbá sàga ti Ìkòròdú. Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí ọ̀nà òwò Èkó sé. Ó rán ọmọ ogun lọ ní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n sì tú Ẹ̀gbá ká.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ oyè ní Ọ̀yọ́ ṣe di ẹ̀jẹ̀ ní Ìkòròdú láàárín ọdún mẹ́fà péré. Ẹni tó kú sí Ìkòròdú lè má mọ Adélù rí. Ohun tó pa á ni pé ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà, nígbà náà, ni ìdí kìíní. Ìlú tí kò ní ọ̀nà dé ibi tí oúnjẹ, owó àti ohun ìjà rẹ̀ ti ń wá kò lè fọkàn balẹ̀. Ìlú tó sì jókòó lórí ọ̀nà kò ní fẹ́ kí èrè rẹ̀ bọ́. Ohun tó pa Ìjẹ̀bú àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ní 1892 nìyí. Ẹ̀sùn tí Gẹ̀ẹ́sì kà ni pé wọ́n ṣe àfojúdi sí Denton, adelé gómìnà, nígbà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù karùn-ún ọdún 1891. Àwọn ìránṣẹ́ Ìjẹ̀bú lọ tọrọ àforíjì ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1892, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé wọn yóò ṣí ọ̀nà, pé Gẹ̀ẹ́sì yóò máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè tí wọn yóò pàdánù. Kò pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi sọ pé Ìjẹ̀bú yẹ àdéhùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ìbọn Maxim dún ní Ìmagbọn, agbára Ìjẹ̀bú sì wó. Bó bá jẹ́ nítorí àfojúdi nìkan ni, àforíjì ìbá ti parí rẹ̀. Ọ̀nà àti owó ibodè ni wọ́n ń jà sí.

Bákan náà ló rí lágbàáyé. Nígbà tí Nasser gba ojú omi Suez fún Íjíbítì ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1956, oṣù mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kọlù ú léra-léra. Nígbà tí Íráàkì gbógun ti Íráànì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó wà láàárín wọn ni odò Shatt al-Arab, ojú ọ̀nà tí Íráàkì, tí etí òkun rẹ̀ kéré jọjọ, ń gbà dé òkun. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jà á. Ìbàdàn ìgbà náà ìbá lóye ọ̀rọ̀ Íráàkì láìsí ògbifọ̀.

Ìdí kejì ni ìbẹ̀rù. Ẹ̀gbá ń bẹ̀rù pé bí Ìbàdàn bá rí ọ̀nà dé òkun, kò sí ẹni tí yóò lè dá a dúró mọ́. Ìbàdàn ń bẹ̀rù pé bí gbogbo ọ̀nà bá dí, ọ̀tá yóò ká òun mọ́lé láìní ẹ̀tù. Olúkúlùkù rò pé ara òun ni òun ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n apata ẹnì kìíní jọ ọ̀kọ̀ lójú ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ń to ìbọn àti ọkọ̀ ogun jọ kí ó tó di 1914.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níhìn-ín. Ìbẹ̀rù lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè jẹ́ agbádá tí olójúkòkòrò gbé wọ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, ó ní ẹgbẹ́ NATO tó ń súnmọ́ ilé òun ló ń dẹ́rù ba òun. Ukraine ní ilẹ̀ òun ni wọ́n fẹ́ gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta, orílẹ̀-èdè 141 nínú àpéjọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé kí Rọ́ṣíà kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, kí á bi í léèrè: ṣé ilé tirẹ̀ ló ń ṣọ́, tàbí oko ẹlòmíràn ló ń wò?

Ìdí kẹta ni ìnilára. Kò sí ibi tí èyí ti hàn ju ogun Kírìjì lọ. Ìbàdàn ti fi àjẹlẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn àjẹlẹ̀ wọ̀nyí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn sì ń ṣe bó ti wù wọ́n nínú ilé onílé. Ní 1878, Fábùnmi pa àjẹlẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Wọ́n ní ìwà àìtọ́ tí àjẹlẹ̀ náà hù sí ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Àjẹlẹ̀ kan kú, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì dìde, wọ́n di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé sì di ọ̀gágun wọn. Ṣé ikú ọkùnrin kan lè kó irú ogun bẹ́ẹ̀ jọ? Rárá. Ohun tó kó wọn jọ ni ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti fi ọdún púpọ̀ gbé mì. Ìjọba tó bá ń yọ̀ pé àwọn tí òun ń fìyà jẹ dákẹ́, kó rántí pé ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni àlàáfíà.

Ìdí kẹrin ni ohun ìjà àti àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀. Ní 1877, kí ọ̀rọ̀ Fábùnmi tó ṣẹlẹ̀, Látòóṣà, Ààrẹ Ìbàdàn, ti bá Ẹ̀gbá fìjà pẹẹ́ta nítorí ẹ̀tù tí àwọn ènìyàn Ìbàdàn lọ rà ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n gbé e gbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Dídún ìbọn ló fún ogun náà lórúkọ. Ìbọn kì í dá ìjà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ìjà ọjọ́ kan di ogun ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí láti 1877 títí di 1893 ni ilẹ̀ Yorùbá kò fi rí ìsinmi gidi.

Òtítọ́ kan wà níhìn-ín tí kò dùn ún gbọ́ ní Rẹ́mọ. Àwọn oníṣòwò tó jẹ́ kí ìbọn gba ilẹ̀ wọn kọjá jẹ nínú èrè rẹ̀, àwọn náà ló sì sá lọ sí Ṣágámù nígbà tí ìbọn ń wá wọn. Àwọn òyìnbó tó kó ìbọn wá láti òkè òkun kò sá lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Lìbéríà, níbi tí ogun bẹ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989, àti ní Siẹrà Léónì, níbi tó dé ní oṣù kẹta ọdún 1991. Dáyámọ́ńdì ń jáde, ìbọn ń wọlé, ọmọdé ń gbé ìbọn tó ga tó o. Ọ̀dọ́ Nàìjíríà púpọ̀ tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG lọ láti 1990 kò padà wálé mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kan dá Charles Taylor, ààrẹ Lìbéríà tẹ́lẹ̀, lẹ́bi nítorí ìrànlọ́wọ́ tó ṣe fún àwọn ọ̀tẹ̀ ní Siẹrà Léónì. Ẹ̀wọ̀n àádọ́ta ọdún ni wọ́n fún un.

Ìdí karùn-ún, tí àwọn ènìyàn kì í sábà kà mọ́ ọn, ni àìsí onídàájọ́ tí tọ̀tún-tòsì gbà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà, àwọn ìlú púpọ̀ ní ibi tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ wọn lọ. Nígbà tó tú, kò sí ẹni tí Ìbàdàn, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì lè jọ gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá bá òun làjà. Ní 1886, àwọn àlùfáà ìjọ CMS méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, rìn láàárín ibùdó ogun méjèèjì títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n onílàjà tó rán wọn ní ohun tó ń wá. Láàárín ọdún méje, ilẹ̀ tí wọ́n wá là níjà ti bọ́ sábẹ́ àkóso wọn.

Ohun tó ń ṣẹ́ ayé níṣẹ̀ẹ́ títí di ìsinsìnyí nìyí. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà láti 1945, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè márùn-ún inú rẹ̀ lè fi ìbò kan ṣoṣo pa ìpinnu. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2022, ọjọ́ kejì tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine, Rọ́ṣíà ló pa ìpinnu tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí olùjẹ́jọ́ bá tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, ta ni yóò dá ẹjọ́?

Ìdí márùn-ún nìyẹn: ọ̀nà, ìbẹ̀rù, ìnilára, ohun ìjà, àti àìsí onídàájọ́. Ibo wá ni ẹ̀sùn wà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́? Ẹ̀sùn dàbí ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀tù. Ìṣáná tó bọ́ sínú omi kò lè jó nǹkan kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1914, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yìnbọn pa àrólé ọba Ọ́síríà ní Sarajevo, Ogun Àgbáyé Kìíní sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ti pa ọmọ ọba ṣáájú ìgbà náà láìsí ogun àgbáyé. Ẹ̀tù tó ti kún ilẹ̀ ló mú kí ti Sarajevo yàtọ̀.

Ṣágámù náà rí irú ìṣáná bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1999. Ó ti pẹ́ tí àwọn Hausa ti ń gbé ní Sábó níbẹ̀, nítorí obì tó ń ti Ṣágámù lọ sí òkè ọya. Lálẹ́ ọjọ́ tí Orò wà níta, obìnrin Hausa kan pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Ìjà bẹ́, àwọn ènìyàn kú ní ìhà méjèèjì, ilé sì jóná. Kò pẹ́ tí òkú àti àwọn tó sá fi gbé ìròyìn náà dé Kano, ni ẹ̀san bá bẹ̀rẹ̀ lára àwọn Yorùbá tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀nà obì tí òwò ń gbà lọ ni ìbínú gbà lọ. Kì í ṣe ogun láàárín orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n bó ṣe ràn jọ bí ogun orílẹ̀-èdè ṣe ń ràn.

Ìrírí tó tún sún mọ́ Rẹ́mọ ju èyí lọ ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Ìfipágbàjọba méjì ti wáyé ní 1966, wọ́n sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò ní òkè ọya. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Aburi ní Gánà ní oṣù kìíní ọdún 1967 kò dúró, nítorí olúkúlùkù túmọ̀ rẹ̀ bó ti wù ú. Epo rọ̀bì sì wà nílẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ àti Ìlà-Oòrùn jọ ń béèrè owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, kó àwọn onílàjà lọ bá Ojukwu ní Enugu. Kò bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, Ojukwu kéde Biafra. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ogun bẹ́. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wá di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó nínú ìjọba tó ń ja ogun náà. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà ní Rẹ́mọ kan náà, lọ bá Ojukwu lẹ́yìn tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ogun dúró. Ìjọba àpapọ̀ tì í mọ́lé láti oṣù kẹjọ ọdún 1967 títí di oṣù kẹwàá ọdún 1969. Àwọn ọmọ Rẹ́mọ méjì wá ọ̀nà àlàáfíà, ọ̀kan ṣáájú ogun, èkejì nínú rẹ̀. Ọgbọ́n kò wọ́n wọn. Ohun tó wọ́n ni onídàájọ́ tí ìhà méjèèjì gbà, àti àkókò tí ẹ̀tù kò tíì gbẹ.

Ṣé ogun wá di dandan bí? Rárá o. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún ní ẹkùn Bakassi. Ìṣáná nìyẹn, ẹ̀tù sì pọ̀: ẹja, epo, àti ààlà tí àwọn òyìnbó fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo ogun, ìjọba Shehu Shagari kò jà. Nígbà tí ìjà tún bẹ́ ní 1994, Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, wọ́n dá Kamẹrúùnù láre. Ó dun Nàìjíríà wọra, ó sì dun àwọn ará Bakassi tó di aláìnílé jùlọ. Síbẹ̀, Nàìjíríà tó lágbára jù fọwọ́ sí àdéhùn ní 2006, ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008. Àdánù ilẹ̀ burú, ṣùgbọ́n kò sí Ṣágámù mìíràn tí ogun lé jọ nítorí rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ nìyí, ẹ̀yin olùwòran. Bí ìròyìn ogun bá dé, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró síbi ẹ̀sùn. Kó béèrè: ọ̀nà ta ni wọ́n dí? Ta ni ń bẹ̀rù ta ni, òótọ́ sì ni bí? Ta ni wọ́n ń ni lára tó dákẹ́? Ta ni ń ta ìbọn fún wọn? Ta ni àwọn méjèèjì lè gbà fún ní onídàájọ́? Ìbéèrè wọ̀nyí kò le. Ìdí tí àwọn aláṣẹ kì í fi í béèrè wọn lákòókò ni pé ìdáhùn máa ń kan owó ẹnìkan tàbí oyè ẹnìkan.

Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn ìlú mẹ́tàlá náà gbọ́n, wọ́n sì yè. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi gbọ́n ni ilé àti oko tí wọ́n fi sílẹ̀. Kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́n kó tó di pé wọ́n ń kó ẹrù.